ÌJÀ KDE ÀTI GNOME: Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸGBẸ́ TÍ Ó BÁ FẸ́ DÀGBÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtàn kan láti inú ayé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀.

Ìdí tí ìtàn náà fi kàn wá ni pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ lórí Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó wà nílé wa ni kò sì lágbára tó láti gba Windows 11. Àwọn ọmọ wa ń sọ pé kí a fi Linux sí i. Bí a bá gbà, ìbéèrè tí ó kàn ni pé, ṣé KDE ni tàbí GNOME? Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

KÍ NI WỌ́N Ń JÀ LÉ LÓRÍ?

Linux ni ọkàn tí ó ń darí kọ̀ǹpútà láti inú. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ọkàn kò ṣeé fojú rí. Àwọn àwòrán kéékèèké tí à ń tẹ̀, àwọn wíńdò tí à ń ṣí tí à ń pa, ibi tí a ti ń wá fáìlì, iṣẹ́ ètò mìíràn ni gbogbo wọn. Ètò yìí ni mo pè ní ojú iṣẹ́. Ní ti Windows, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe ọkàn, òun náà ló ṣe ojú. Ní ti Linux, oníkálukú lè mú ojú iṣẹ́ tí ó bá wù ú. KDE àti GNOME ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bí wọ́n ṣe kọ wọ́n wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in.

BÍ ÌJÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, Matthias Ettrich, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Tübingen ní Jámánì, ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ kọ́ ojú iṣẹ́ kan tí kò ní dẹ́rù ba ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà. Bí KDE ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Qt ni igi tí wọ́n fi kọ́ ilé náà, ọjà ilé iṣẹ́ Trolltech ti orílẹ̀-èdè Norway. Qt dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà, kò sí àṣẹ fún èèyàn láti tún un ṣe kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn.

Àwa tí a dàgbà lóko mọ ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí ó gbin kòkó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ lè ni igi kòkó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá yí ohùn padà, tàbí tí ó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ tà á, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ohun tí ó ń ba àwọn kan lẹ́rù nípa KDE nìyẹn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Miguel de Icaza àti Federico Mena, ọmọ orílẹ̀-èdè Mexico, kéde GNOME. GTK ni wọ́n fi kọ́ tiwọn, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe fún GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe. Ti gbogbo ayé ni GTK láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1998, àwọn ará Debian tí wọ́n ń pín Linux kéde pé àwọn kò ní pín KDE mọ́, nítorí ìwé àṣẹ Qt àti ti KDE kò bára mu. Ọ̀rọ̀ wá gbóná. Apá kan ní wọ́n ń ta òmìnira nítorí ìrọ̀rùn. Apá kejì ní ohun tiwọn ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹlẹ́jọ́ ṣì ń rojọ́.

ÌJÀ SO ÈSO

Ní ọdún 1998 kan náà, Trolltech bá àwọn ará KDE kọ ìwé àdéhùn pé bí ilé iṣẹ́ náà bá ṣíwọ́ àtigbé Qt ọ̀fẹ́ jáde, Qt yóò di ti gbogbo ayé. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, wọ́n fi Qt sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, Debian sì gba KDE wọlé. Ẹjọ́ ilẹ̀ parí. Lójú tèmi, bí kò bá sí GNOME, onílẹ̀ kì bá tètè gbọ́.

Ní ọdún 2000 náà, Havoc Pennington dá freedesktop.org sílẹ̀, níbi tí tọ̀tún tòsì ti ń fẹnu kò lórí ohun tí ó kan gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni a ń tọ́jú ìlànà bọ́tìnnì ìtẹ̀wé sí, ti Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ìbáà ṣe KDE, ìbáà ṣe GNOME, a lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn. Ní ọdún 2009, ìhà méjèèjì ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn pọ̀ ní Gran Canaria.

Iṣẹ́ wọn tún kọjá agbo ilé wọn. KHTML, tí àwọn ará KDE kọ láti fi ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ni Apple mú ní ọdún 2003 láti fi ṣe Safari. Inú ìran rẹ̀ ni Chrome ti wá, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò lórí fóònù.

ÌGBÀ TÍ OLÓRÍ KÒ GBỌ́ TI ARÁ ILÉ

Ní oṣù kìíní ọdún 2008, KDE 4.0 jáde láìtíì jinná. Linus Torvalds, tí ó ti gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ní ọdún 2005 pé kí wọ́n lo KDE, kó lọ sí GNOME. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, GNOME 3 náà yọ ọ̀pọ̀ ohun tí ó ti mọ́ àwọn èèyàn lára kúrò. Torvalds tún kó lọ sí Xfce, kí ó tó padà sí GNOME lẹ́yìn náà. Àwọn mìíràn gbé GNOME àtijọ́, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ MATE.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibí yìí dáadáa. Bí ẹgbẹ́ bíi tiwa bá pín sí méjì, ìjà gbọ̀ngàn àti ti owó báńkì ló máa ń tẹ̀lé e. Ní tiwọn, ẹni tí ó bá ń lọ lè gbé ẹ̀dà ilé lódindi, ilé àkọ́kọ́ kò sì ní dín. Nítorí náà ni ìjà kì í fi í dé kóòtù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ kò ní ẹ̀dà. Bí èèyàn mẹ́wàá bá pín sí márùn-ún àti márùn-ún, iṣẹ́ kan náà ni wọn yóò máa ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Iye tí òmìnira ń náni nìyẹn.

ÈWO NI KÍ Á MÚ?

Ẹni tí Windows ti mọ́ lára yóò tètè mọ ọ̀nà nínú KDE. Ọ̀pá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ohun tí a lè yí padà nínú rẹ̀ sì pọ̀. GNOME kò ní ohun púpọ̀ tí a lè yí, èyí sì dùn mọ́ ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbó gan-an, Xfce fúyẹ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín pamọ́, kí ẹ wá fi fúláàṣì dán Linux wò láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Bí èdèkòyédè bá sì wọ inú ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: ṣé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀ irú ọ̀dà tí a óò fi kun ilé? Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀dà, kí oníkálukú kun yàrá tirẹ̀, kí a sì jọ máa tún òrùlé ṣe.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ìjà wa tóbi ju ohun tí à ń jà lé lórí lọ. Ẹgbẹ́ wa yóò máa gbèrú sí i. Àṣẹ.