Nígbà tí òfin bá pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà

Ẹni tó fẹ́ẹ́ ra bàtà lọ́jà Tẹ̀júoṣó, ní Yábàá, kò ní í yọjú sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìlà àwọn oníbàtà ni yóò béèrè. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò nílò. Rubi, tí Albert Rich ará Amẹ́ríkà kọ fún íńtígíréṣọ̀n, irú ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ní Fásítì Èkó, ní òfin tó lé ní 6,000. Bí kọ̀ǹpútà bá ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tó bá ìbéèrè mu, aago á ti lọ. Lọ́dún 2017, Manuel Krebber àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aachen, Jámánì, gbé MatchPy jáde: ibi tí àwọn òfin ti jọra ni wọ́n pa pọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n pípa wọ́n pọ̀ náà ń gba àkókò. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ lè má jèrè níbẹ̀.