Ẹ Jẹ́ Kí Ògiri Àdúgbò Là Wá Níjà

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni nínú yín tí ọkàn rẹ̀ í balẹ̀ bí ọmọkùnrin rẹ̀ bá pẹ́ níta? Bí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan bá ń bá ti àdúgbò kejì jà, àwa ìyá ni a máa ń ti ilẹ̀kùn tí a sì ń gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀. A ti bá wọn wí títí, ẹnu ti rẹ̀ wá. Lónìí, mo fẹ́ sọ fún yín bí obìnrin kan ṣe fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Judith Baca ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Los Angeles, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí i sí ní 1946, nínú ìdílé tí ó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò. Ní 1970, nígbà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìlú náà, ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ ti pín sí ẹgbẹ́ jàǹdùkú, ẹgbẹ́ kan kò sì gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ẹgbẹ́ kejì. Ó ṣa ogún ọ̀dọ́ jọ láti inú ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ń bá ara wọn ṣọ̀tá. Kí ni wọn yóò jọ yà tí kò ní dá ìjà sílẹ̀? Ìyá àgbà kan ni wọ́n yà sí ara ògiri nínú ọgbà Hollenbeck, tí ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gbá ọmọ mọ́ra. Wọ́n pè é ní “Mi Abuelita”, èyí tí í ṣe “Ìyá Àgbà Mi”. Àwọn ará àdúgbò a máa gbé òdòdó àti àbẹ́là wá sí ìdí àwòrán náà.

Lẹ́yìn èyí ni ó dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá. Láti 1976 títí di 1983, ní ìgbà ooru, ó kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó lé ní 400 jọ láti ya ìtàn Kalifóníà sí ara ògiri kọnkéré Tujunga Wash, ojú ọ̀nà omi tí a là nítorí ìkún-omi. Ọwọ́ òfin ti ba púpọ̀ nínú wọn rí. Gígùn iṣẹ́ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,754, ó lé díẹ̀ ní ìdajì máìlì. Kí wọ́n tó yà á, wọ́n gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn onímọ̀ àti àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Wọ́n ya bí a ṣe kó àwọn ará Amẹ́ríkà tí í ṣe ìran Jàpáánì lọ sí àgọ́ nígbà ogun, àti bí a ṣe lé àwọn ìran Mẹ́síkò jáde láàárín 1930 sí 1939. Ọmọ ìran kan wá mọ ìyà tí ó jẹ ìran kejì.

Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe àwòrán nìkan ni ó ń parí ìjà. Ẹni méjì tí yóò jọ yan àwọ̀ kan kò lè ṣàì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó máa ń péjọ kun ògiri ojúbọ kí ọdún òrìṣà tó dé. Bí ọwọ́ ṣe ń kun ògiri, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ń tú ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé àti baálẹ̀. Ẹ pe àgbà àti ọ̀dọ́ jọ, kí ẹ yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń dun àdúgbò. Ẹ ya á sórí ìwé ná, kí gbogbo ènìyàn rí i, kí wọ́n sì sọ èrò wọn. Ẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ẹ fọ ògiri, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kùn ún ní funfun. Ẹ da àwọn ọmọ ìhà méjèèjì pọ̀ sí ibi iṣẹ́ kan náà. Ẹ má sì gbàgbé ìkòkò oúnjẹ kan tí gbogbo wọn yóò jọ jẹ.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ìyá tí ó fi búrọ́ọ̀ṣì lé ọmọ lọ́wọ́ ti ń wá ọ̀rọ̀ rere fún un.