Kóòtù Tí Ó Yẹ fún Ẹjọ́ Gbèsè

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí a jẹ ní gbèsè kọ́kọ́ fi sùúrù béèrè owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sùúrù bá já sí asán, tí ó sì di dandan kí ó pe ẹjọ́, ìbéèrè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbéèrè pé ta ni ó jàre. Ìbéèrè náà ni pé: kóòtù ìlú wo ni ẹjọ́ yìí tọ́ sí?

Ní ọdún 2018, a dá àwọn kóòtù gbèsè kékeré sílẹ̀ lábẹ́ kóòtù májísíréètì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ènìyàn lè gba owó rẹ̀ láìná owó púpọ̀ àti láìfi ọ̀pọ̀ ọdún ṣòfò. Nínú ìlànà ọdún náà, gbèsè tí a bá gbé wá kò gbọdọ̀ ju ₦5,000,000 lọ, láìka èlé àti owó ẹjọ́ mọ́ ọn. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí iye rẹ̀ dájú. Olówó lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láìgba lọ́yà, a sì fi ọjọ́ 60 ṣe gbèdéke ìdájọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó pe ẹjọ́, ó gbọ́dọ̀ ti fi ìwé béèrè owó náà ránṣẹ́ sí onígbèsè.

Bí àpẹẹrẹ, kí a sọ pé káfíńtà kan ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, ó sì kan àga àti tábìlì fún onílé oúnjẹ kan ní Àgbádárìgì. Àgbádárìgì ni wọ́n ti ṣe àdéhùn. Ibẹ̀ ni káfíńtà kó iṣẹ́ náà lọ, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó ti gba owó. Ó ku ₦800,000, onílé oúnjẹ kò sì san án mọ́. Káfíńtà lè rò pé kóòtù Ẹ̀pẹ́ ni ó dára jù, nítorí ó súnmọ́ ilé rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Nǹkan méjì pàtàkì ni òfin ń wò. Èkíní ni ibi tí olùjẹ́jọ́ ń gbé tàbí tí ó ti ń ṣòwò. Èkejì ni ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Àgbádárìgì ni méjèèjì tọ́ka sí. Bí onílé oúnjẹ bá tún ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòròdú, a lè pè é lẹ́jọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá sì jẹ́ pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ṣe àdéhùn, tí òun fúnra rẹ̀ sì wá kó àga níbẹ̀, ẹjọ́ náà yóò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ dógò ti onígbèsè, ilé onígbèsè gan-an ni ológò sì ń jókòó sí títí a ó fi san owó náà. Olówó ni ó ń wá onígbèsè lọ. Ìdí pàtàkì sì wà fún èyí lónìí: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá lè fa olùjẹ́jọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn bí ó ti wu olùpẹjọ́, ọ̀pọ̀ ni kò ní lè dé ibẹ̀ láti sọ tẹnu wọn.

Ẹni tí ó bá ṣi kóòtù yà lè rí ìyà. Olùjẹ́jọ́ lè ta kò ó. A lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí ibòmíràn, tàbí kí a lé e dànù, kí olówó sì tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim ní ọdún 1962, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà là á yéni pé bí kóòtù kò bá ní agbára lórí ọ̀ràn kan, asán ni ìdájọ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dá a dáradára tó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kánjú. Kí ó kọ orúkọ onígbèsè sílẹ̀, àti ibùgbé rẹ̀, àti ibi òwò rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ṣe àdéhùn. Kí ó sì bi akọ̀wé kóòtù léèrè kí ó tó san owó ìpẹ̀jọ́. Àre lè wà lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n bí kò bá gbé e dé ibi tí ó yẹ, owó rẹ̀ yóò ṣì wà lọ́wọ́ onígbèsè.