Omi Iyọ̀ àti Ṣúgà: Iṣẹ́ Àwọn Ará Calcutta

Ará Íńdíà ni olùkọ́ físíìsì wa nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Òmù-Àrán. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Kwara ló ní wọn: ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ẹni tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì, ìyàwó wọn nínú sárì tí gbogbo ọjà ń yíjú wò. Raman ni orúkọ tí kì í kúrò lẹ́nu olùkọ́ wa. Wọ́n á ní C. V. Raman wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1921, ó wo òkun, ó sì bèèrè ìdí tó fi ní àwọ̀ bí aró. Ìbéèrè nípa ìmọ́lẹ̀ yẹn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí ó fi rí ohun tó rí ní Calcutta lọ́dún 1928, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1930. A kọ ọ́ sínú ìwé, a ṣe ìdánwò, a gbàgbé.

Orúkọ tí wọn kò dá fún wa rí ni Sambhu Nath De. Ará Calcutta lòun náà. Nọ́ọ̀sì ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ De àti ti ará Calcutta mìíràn, Dilip Mahalanabis, wọ yàrá ìyálọ́mọ ní Ìgbómìnà ju ti Raman lọ fíìfíì.

Ẹni tó bá bímọ ní nǹkan bí ọdún 1985 sí 1992 yóò rántí ìpolongo omi iyọ̀ àti ṣúgà. Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ètò ìlera nígbà náà, kò sì jẹ́ kí rédíò sinmi. Omi ìgò bíà kan, tàbí ìgò kóòkì méjì, iyọ̀ báyìí, ṣúgà báyìí. Mo wà lára àwọn tó ń gbé ìgò àti ṣíbí káàkiri àwọn abúlé tó yí Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ ká, tí a ń pò ó lójú àwọn ìyá kí wọ́n lè tọ́ ọ wò.

Ṣúgà ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí? Ìyá àgbà kan ní Èsìẹ́ wo ṣíbí ọwọ́ mi, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ohun tó ń dá ọmọ náà láàmú lẹ ní kí n tún bù kún un?” Gbogbo obìnrin ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ní eyín ni ọmọ òun ń hù, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò dá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í fún ọmọ lómi rárá, wọ́n ní bó bá mu ún, yóò tún yà á ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá ń darí bọ̀. Kì í dùn mọ́ mi. Ohun tójú rí ni wọ́n ń sọ: ọmọ mu omi, ọmọ yàgbẹ́ omi. Àwọn dókítà ńláńlá pàápàá kò mọ ohun tó fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti ọdún 1884 tí Robert Koch ti Jámánì ti rí kòkòrò onígbáméjì nínú àwọn aláìsàn Calcutta, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé oró ara kòkòrò náà ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tàbí pé ó ń ba awọ ìfun jẹ́. De kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó mú ehoro, ó fi okùn so ìfun rẹ̀ níbi méjì, ó sì fi kòkòrò sí àárín ibi tó so. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ti kún fún omi. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe èyí tó yanjú ọ̀rọ̀: ó sẹ́ kòkòrò kúrò pátápátá nínú omi tí wọ́n ti ń sìn ín, ó fi omi náà nìkan sí ìfun. Ibẹ̀ tún kún. Kì í ṣe kòkòrò ló ń gé ìfun jẹ, oró kan tó ń tu síta ló ń mú kí ìfun máa da omi ara nù. Ọdún 1959 ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá. Ehoro, okùn àti làákàyè ló fi ṣe é.

Ìdí tí èyí fi kan ìyá àgbà Èsìẹ́ nìyí. Bí awọ ìfun kò bá ya, ó ṣì lè gba nǹkan wọlé. Lọ́dún 1960, Robert Crane, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà kan wà lára ìfun tó jẹ́ pé ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà á wọlé ni. Iyọ̀ nìkan dà bí àlejò tó dé ààfin tí kò rí ará ilé tí yóò mú un lọ́wọ́ wọlé. Ìta ni yóò wà. Bí ṣúgà bá mú un wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì kì í ti ilẹ̀kùn yìí. Nítorí náà ọmọ tó ń yàgbẹ́ lè máa yà á lọ, kí omi tó ń wọlé sì tó èyí tó ń jáde, tí ẹ̀mí rẹ̀ kò fi ní bọ́. Ṣúgà inú ṣíbí mi kì í ṣe adùn. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

N kò ní fi gbogbo ògo fún Íńdíà. Ará Amẹ́ríkà méjì, David Nalin àti Richard Cash, ló fi han àwọn dókítà ní Dhaka lọ́dún 1968 pé aláìsàn onígbáméjì lè mu omi yìí kó sì yè. Ṣùgbọ́n inú ọsibítù ni wọ́n ti ṣe é, àwọn àgbà dókítà sì ní kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Ogun ló já wọn nírọ́. Lọ́dún 1971, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn sá kúrò ní ilẹ̀ tó wá di Bangladesh wọ Íńdíà. Onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n rán Mahalanabis, dókítà ọmọdé, lọ sí ọsibítù kékeré kan ní Bangaon lẹ́bàá ààlà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn aláìsàn sùn sí. Ẹni tó bá fẹ́ fa omi sí ẹnikẹ́ni lára ní láti kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ àti èébì. Kò pẹ́ tí omi dírípù fi tán. Ó wá ní kí wọ́n máa wọn iyọ̀, sódà àti ṣúgà glúkóòsì sínú ọ̀rá ní Calcutta, kí wọ́n kó o wá, kí wọ́n pò ó sínú dúrọ́ọ̀mù. Ìyá, ọkọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ẹni tó bá gbé aláìsàn wá ló ń fi kọ́ọ̀bù bu omi náà tó sì ń fún un mu. Ṣáájú èyí, bí èèyàn mẹ́wàá bá dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mẹ́ta lè má dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó kú kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni àwọn ìbátan tó di kọ́ọ̀bù mú. Mahalanabis gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò kàwé. Kì í ṣe gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbà á gbọ́, àmọ́ nígbà tó di ọdún 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ di ètò tiwọn, ìwé ìròyìn The Lancet sì kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlọsíwájú ìṣègùn tó tóbi jù lọ ní ọ̀rúndún náà.

Ìparí ọdún 1970, bí ogun Bangladesh yẹn ṣe ń rúgbó bọ̀, ni onígbáméjì wọ Nàìjíríà láti Èkó. Ọdún 1991 ló burú jù lójú mi. Ó pa ju 7,000 èèyàn lọ lórílẹ̀-èdè yìí. Lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó tún bi mí ní ìbéèrè jẹ̀díjẹ̀dí.

     

De kú lọ́dún 1985. Àwọn ẹgbẹ́ àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ rẹ̀ kò gbà á wọlé nígbà ayé rẹ̀. Mahalanabis kú lóṣù kẹwàá ọdún 2022, oyè ńlá Padma Vibhushan wá bá a ní sàréè lọ́dún 2023.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń bímọ lónìí kò bá ìpolongo ìgò bíà yẹn. Ìwọ̀n tí mo ń sọ fún wọn nìyí, bí kò bá sí ORS nítòsí, ìyẹn èròjà omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sínú ọ̀rá: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ fi ọ̀bẹ nu orí ṣíbí kó tẹ́jú. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ bèèrè zinc ní ibùdó ìlera, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń lò ó. Bí àwújẹ orí ọmọ bá jìn, tí ojú rẹ̀ wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ọsibítù ni, kí ẹ sì máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà bó bá lè gbé e mì. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan.