Kí Ẹranko Tó Padà sí Igbó, Igbó Gbọ́dọ̀ Wà

Bí ọdẹ bá yìnbọn pa ìyá ìnàkí, ọmọ tó wà láyà rẹ̀ kì í sá. Ṣe ló máa ń dì mọ́ òkú ìyá rẹ̀ títí wọn ó fi já a gbà, tí wọn ó sì gbé e wọ ìlú lọ tà. Ọmọ ìnàkí lè mu ọmú fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè dá wà nínú igbó Ìdànrè, kò sì yẹ kó gbé inú àgò ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń dá ẹranko padà sí igbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi àdádó ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé ẹranko sí, kí dókítà lè wò ó bóyá ó ti kó ikọ́ ife tàbí àrùn mìíràn lára èèyàn. Lẹ́yìn náà ni wọn ó wá ẹgbẹ́ fún un, nítorí pé ìnàkí tí kò mọ bí ìnàkí ṣe ń gbé kò lè pẹ́ láyé nínú igbó.

Ti àkìkà, ẹranko onípẹ́ tó máa ń ká rogodo, tún yàtọ̀. Èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀, oúnjẹ mìíràn kì í sì í sábà bá a lára mu. Olùtọ́jú á mú un wọ igbó, á máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń fi èékánná tú òkìtì ikán, tó ń na ahọ́n gígùn rẹ̀ wọnú ihò, títí yóò fi yó. Ní Èkó, Dókítà Mark Ofua, tó jẹ́ dókítà ẹranko, ti fi irú iṣẹ́ yìí ṣe tirẹ̀: ó ń gba àkìkà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́, ó ń tọ́jú wọn, ó sì ń dá wọn padà. Ọmọ kan ṣoṣo ni àkìkà sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹyọ kan tó bá padà kì í ṣe ohun kékeré.

Ọdún 1991 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Liza Gadsby àti Peter Jenkins, dá ibùdó Drill Ranch sílẹ̀ ní Calabar. Ọ̀bọ ńlá tí wọ́n ń pè ní drill ni wọ́n ń tọ́jú. Ní gbogbo ayé, kò sí ibi tí drill ti ń gbé nínú igbó àfi ìpínlẹ̀ Cross River, Cameroon àti erékùṣù Bioko. Lọ́dún 1996, wọ́n kó lára àwọn drill náà lọ sí ẹ̀bá Òkè Afi, sínú ọgbà igbó tí wọ́n fi wáyà iná yí ká, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni wọ́n sì ti bí níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2000, ìjọba sọ igbó Afi fúnra rẹ̀ di ibi ààbò ẹranko. Ìyẹn ló yẹ ká kọ́gbọ́n nínú rẹ̀: iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ látinú àgò ti di ọ̀rọ̀ dídáàbò bo igbó.

Ìmọ̀ iṣẹ́ yìí wà nílé. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tìjọba àpapọ̀ (FUTA) ní Àkúrẹ́ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìtọ́jú ẹranko igbó, ó sì ní ọgbà ẹranko tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Afọláyan pè. Àmọ́ igbó gan-an ló ń tán lọ. Àwọn onígẹdú àti olóko kòkó ti wọ igbó ọba Ìdànrè àti Olúwa jìnnà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009 sì kìlọ̀ pé ìnàkí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Rachel Ashegbofe Ikemeh, tó ń ṣiṣẹ́ dídáàbò bo ẹranko, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Akitiyan rẹ̀ lórí àwọn ìnàkí tó ṣẹ́ kù náà ló mú kó gba ẹ̀bùn Whitley, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko, lọ́dún 2020.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìlànà dídá ẹranko padà tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, gbé jáde lọ́dún 2013 kò yàtọ̀ sí èyí: ohun tó pa ẹranko run níbì kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ọmọ ìnàkí tàbí àkìkà lẹ́bàá ọ̀nà, kó má fi àánú rà á. Owó rẹ̀ ló máa rán ọdẹ padà sí igbó. Àwọn aláṣẹ ni kó fi tó létí. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó náà gba ẹ̀ṣọ́ igbó tó pọ̀ tó, kó máa san owó wọn lásìkò, kó sì dá ẹ̀rọ ìlagi dúró ní Ìdànrè àti Olúwa. Bí a kò bá ṣe èyí, kò ní sí ibi tí a ó dá ẹranko kankan padà sí.