Ọpẹ́ Ìlera Kì í Ṣe ti Ẹnu Nìkan

Bí a bá jí láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ gbé wa dé ibi àlùwàlá, tí ẹ̀yìn wa sì tẹ̀ fún rúkúù, "Alhamdulillah" ló yẹ kó ti ẹnu wa jáde. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnu nìkan ni a fi ń dúpẹ́ ìlera?

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ìlera wà lára ìdẹ̀ra tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣòfò. Ó tún kọ́ wa pé oríkèé ara wa kọ̀ọ̀kan ló jẹ sàráà lójoojúmọ́, àti pé ẹni tó bá ran ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ láti gun ẹran ìgùn rẹ̀, sàráà ló ṣe. Ara tó le, iṣẹ́ rere ni ọpẹ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tó yẹ ká fi kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1974, jẹjẹrẹ awọ ara pa ìyá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Billy Starr. Ní 1980, Starr kó ènìyàn 36 jọ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ológeere títí dé etí òkun ní Provincetown, kí àwọn ènìyàn lè torí ìrìn náà dáwó fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ. 10,200 dọ́là ni wọ́n rí kó jọ fún ilé ìwòsàn Dana-Farber ní ìlú Boston. Pan-Mass Challenge ni wọ́n ń pe ìrìn yìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gùn ún báyìí lọ́dọọdún nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, owó tí wọ́n ti kó jọ sì ti ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Kì í ṣe eré ìje. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó gbéra, wọn a péjọ ní ìlú Sturbridge, wọn a rántí àwọn tí àrùn náà ti mú lọ, wọn a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí jẹjẹrẹ ti ṣe rí náà máa ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rí tó wà láàyè ni wọ́n ń pe ara wọn.

Kí wá ni àǹfààní ìwádìí? Ànábì sọ fún wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ àwa ènìyàn láti wá a. Ní 1947, Dókítà Sidney Farber ní Boston bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní oògùn kan tó ń jẹ́ aminopterin. Ṣáájú ìgbà náà, ikú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ara àwọn kan yá fún oṣù díẹ̀, àrùn náà sì padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Lónìí, níbi tí ìtọ́jú bá ti pé, ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó ní irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé ló ń rí ìwòsàn.

Ilé tiwa ńkọ́? Obìnrin yóò fọwọ́ kan kókó lọ́mú, yóò ní "Alhamdulillah, kò dùn mí," yóò sì dákẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa, kókó jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọpẹ́ ìlera bèèrè lọ́wọ́ wa nìyí:

Obìnrin tó bá rí kókó, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú rẹ̀, kó tètè lọ sílé ìwòsàn. Kó bèèrè dókítà obìnrin. Bí kò bá sí, ẹ̀sìn gbà á láyè nítorí ẹ̀mí.

Àwọn ọkùnrin dúdú wà nínú ewu jẹjẹrẹ pròstéètì ju àwọn mìíràn lọ. Bàbá tó bá ti tó ẹni ọdún 45, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò, kódà bí ìtọ̀ rẹ̀ bá ń lọ geere.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín láti ọdún 9 sí 14 gba àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ó ti wọ ètò àjẹsára ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà láti oṣù Ọkítóbà 2023.

Ẹ máa lo ara yín: ẹsẹ̀ rírìn tàbí kẹ̀kẹ́ gígùn, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ó ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ìfun kù.

Bí aláìsàn bá sì wà ládùúgbò, ẹ jẹ́ ká dáwó ọkọ̀ tàbí ti oògùn fún un pẹ̀lú àdúà tí à ń ṣe. Oríkèé tiwa tó ń ṣiṣẹ́ ló ń san sàráà rẹ̀ yẹn.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì jẹ́ ká lo ìlera wa dáadáa kó tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Āmīn.