Àìsàn fòníkúfọ̀ladìde: Báwo ni àwòrán inú ọkàn ṣe lè dín ìrora kù?

Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún àìsàn yìí nìkan ti tó láti dẹ́rù bani. Fòníkúfọ̀ladìde: ẹni tó kú lónìí, tó tún dìde lọ́la. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí kíráísìsì dá wó lálẹ́ àná, tó tún rí i tó ń ṣeré lọ́jọ́ kejì, mọ ìdí tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀.

Àfiwé ni orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un náà. Lọ́dún 1910, dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Grenada, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ máa ń há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, eegun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dunni gan-an. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní nǹkan bíi 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún.

Bí àwòrán burúkú bá lè kó ìpayà bá aláìsàn, ṣé èyí tó dára lè tù ú lára?

Kí ni àwọn olùwádìí rí?

Lọ́dún 2014, nọ́ọ̀sì méjì tó jẹ́ olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde nípa ogún ọmọ tó ní àìsàn náà, láti ọmọ ọdún 6 sí 11. Fún oṣù méjì ni àwọn ọmọ náà fi ń kọ bí ìrora wọn ṣe rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè lo àwòrán inú ọkàn.

Kò le láti ṣe. Ọmọ á dijú, á mí kanlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá yan ibi tó wù ú jù láyé. Ó lè jẹ́ àgbàlá ìyá àgbà, ó lè jẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, á máa sọ ohun tó ń rí níbẹ̀, ohun tó ń gbọ́, òórùn tó ń gbọ́, bí oòrùn ṣe ń ta sí i lára. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yan ibẹ̀ o. Ẹ má mú ọmọ tó ń bẹ̀rù omi lọ sétí òkun.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ìrora wọn kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, oògùn ara ríro tí wọ́n ń lò sì dínkù. Àmọ́ ogún ọmọ kò pọ̀, kò sì sí àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti ara àìsàn mìíràn, ìyẹn IBS, tó máa ń fa inú rírun, tí ìgbẹ́ á sì máa le tàbí kó máa ṣàn. Lọ́dún 1984, Peter Whorwell àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester lo hypnotherapy fún àwọn tí oògùn kò ràn lọ́wọ́. Aláìsàn á gbé ọwọ́ lé ikùn, á máa rò ó pé ọwọ́ náà ń móoru. Wọ́n tún máa ń fi ìfun wé odò: ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le á jẹ́ kí odò tirẹ̀ máa yára ṣàn, ẹni tí inú ń ṣu á jẹ́ kó rọra. Láti 2008 ni àjọ NICE nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi í sára ohun tí dókítà lè ronú sí, bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 12.

Ṣé ìrora inú orí lásán ni?

Rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní fòníkúfọ̀ladìde ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn nílé ìwòsàn pé wọ́n ń díbọ́n nítorí oògùn, nítorí náà ó yẹ ká là á yé ara wa. Ìròyìn láti ara eegun máa ń dé ọpọlọ, ọpọlọ ló sì ń pinnu bí yóò ṣe dunni tó. Ìbẹ̀rù á mú kó le sí i. Àwọn onímọ̀ ní Los Angeles tún ti fi hàn pé kéèyàn kàn máa retí ìrora lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìka ọwọ́ fún. Inú iṣan tó fún bẹ́ẹ̀ gan-an ni sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ ń há sí.

Àwòrán inú ọkàn kò lè sọ SS di AA, kò sì lè rọ́pò hydroxyurea, omi mímu tàbí oògùn ara ríro. Ẹni tó bá ní kí ẹ da oògùn ọmọ yín nù kó máa fọkàn yàwòrán, ẹ sá fún un.

Bí ara ọmọ bá gbóná, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ bá rọ, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè máa ya àwòrán pápá bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ.